Ẹni Tó Ń Sùn Sẹ́nu Ọ̀nà

Ẹ ti ń wò mí láti àárọ̀, ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ẹ sì rò pé n kò rí yín. Mo rí Kúnlé nígbà tó fi ìgbọ̀nwọ́ gún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ nítorí pé mo tún yán. Ẹ ń bi ara yín pé kí ló ṣe Bàbá Kékeré tó fi ń yán bí ajá tó sùn sóòrùn. Ẹ fọkàn balẹ̀. Mo ṣì ń jẹ iyán, mo ṣì ń bá Ìyá Ṣadé ìyàwó mi ṣe gbólóhùn asọ̀, ara mi dá. Oorun ló bá mi jà, a sì ti ń parí ìjà náà díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kó tó di pé a ń parí rẹ̀, ó kù díẹ̀ kí oorun lé mi kúrò nínú ilé yìí. Wọ́n fẹ́ kó mi lọ sí Ìbàdàn, kí wọ́n sì fi àgádágodo ti ilé tí baba yín fi owó ọsàn kọ́. Ẹ fa àga yín sábẹ́ ibòòji níbí. Ọ̀rọ̀ náà kàn yín.

Nígbà tí a wà lọ́mọdé, n kò gbọ́ ọ rí ní Fìdítì yìí kí ẹnì kan sọ pé òun ń wá oorun. Oorun ló ń wá èèyàn kiri. Ó ń bá èèyàn lójú ọ̀nà oko, ó ń bá èèyàn nídìí àwo ọbẹ̀. Àbúrò bàbá wa kan wà tí oorun bá lórí kẹ̀kẹ́ nígbà tó ń ti Ìlọrà bọ̀. Inú igbó ni wọ́n ti lọ gbé e, ó ń hanrun lọ ní tirẹ̀, kẹ̀kẹ́ sì wà lára rẹ̀ bí aṣọ ìbora. Wàhálà tiwa nígbà náà ni bí a ṣe máa lajú. Bí ìyá wa bá ń pa àlọ́, n kì í gbọ́ ìdajì. Mo mọ bí Ìjàpá ṣe gun igi. N kò mọ bó ṣe sọ̀ kalẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó ṣì wà lókè níbẹ̀ títí dòní.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí alẹ́ ṣe ń rí. Bí a bá ti oko ọ̀nà Akínmọ̀rìn dé, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ti wà lórí ààrò. Ìyá wa kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ẹsẹ̀ oko gun ẹní. A ó wẹ̀, a ó jẹun nígbà tí ojú ṣì ń ríran, nítorí wọ́n ní ẹni tó bá jẹun tán tó wó lulẹ̀, òun àti oúnjẹ ni yóò jọ máa jà títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Obì kò gbọdọ̀ kan ẹnu lẹ́yìn tí adìyẹ bá ti wọlé. Bí ọmọdé méjì bá sì ń bínú síra wọn, ìyá wa kò ní jẹ́ kí wọ́n dùbúlẹ̀ títí wọn yóò fi parí rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orí ẹja panla ni wọ́n ń jà lé lórí. Wọ́n ní ìbínú máa ń ta èèyàn lára lórí ẹní ju ìdun lọ. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò kó èèpo ọsàn gbígbẹ sínú àpáàdì, wọn yóò fi ẹ̀yinná lé e, èéfín yóò gba gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀fọn yóò sì wá ilé ẹlòmíì lọ. Ẹ ó wá gbọ́ ìró ẹní tí a ń tú sílẹ̀, ṣàrà, ṣàrà, ṣàrà, láti inú lọ́hùn-ún títí dé ẹnu ọ̀nà. Kí ìró tó kẹ́yìn tó dákẹ́, àwa tí a wà lápá inú ti lọ.

Ariwo ńkọ́? Ariwo wà. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ayé àtijọ́ dákẹ́ rọ́rọ́, irọ́ ló ń pa, tàbí kó jẹ́ pé ṣe ló sùn gbogbo rẹ̀. Ní àsìkò ọsàn, lọ́rì máa ń wá kó ẹrù lẹ́nu ọ̀nà wa gan-an. Àwọn akẹ́rù á máa ka ọsàn bí ẹni ń kọrin, awakọ̀ á máa bú wọn, ẹ́ńjìnnì á máa wúkọ́ bí arúgbó. A sùn. Bí ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì bá ku ọ̀la, àwọn obìnrin á máa lọ ẹ̀wà, ọlọ á máa dún, àwọn akọrin á máa pariwo orin kan náà lójú kan náà nítorí pé ohùn ẹnì kan kò tíì bọ́ sí i. A sùn. Lọ́dún kan, èmi sùn sáàárín iṣu ìkórè, ẹni tí kò mọ̀ sì da aṣọ bo èmi àti iṣu pọ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ìjọ láti bẹ̀rẹ̀ sí í ta iṣu, ẹsẹ̀ mi ni wọ́n kọ́kọ́ rí. Ẹni tó ń tajà gbé ẹsẹ̀ náà sókè.

"Èló lẹ máa ra èyí?"

Ìyá mi dáhùn láti ẹ̀yìn: "Ẹ máa gbé e lọ lọ́fẹ̀ẹ́, ó ń jẹun jù!"

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín títí pásítọ̀ fi jókòó. Èmi kò gbọ́. Wọ́n ló yẹ kí n jí, n kò jí.

Ẹ wá wo ọmọ náà lónìí. Bí ọ̀kadà bá kọjá ní ìsàlẹ̀ ọjà, mo ti la ojú méjèèjì sílẹ̀ bí òwìwí.

Fún ọjọ́ pípẹ́ ni mo rò pé omi gbígbóná, èèpo ọsàn àti iṣẹ́ oko ló ń mú wa sùn nígbà náà. Wọ́n wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà, ó ju èje lọ. Nǹkan mìíràn wà tí n kò kà sí nǹkan kan rárá, èmi tí mo ka ìwé mẹ́fà, tí márùn-ún péré sì wọlé.

Nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, èèyàn kì í kàn tẹ́ ẹní sí ibi tó bá wù ú. Ipò ni. Ọmọ tó kéré jù á wà lọ́dọ̀ ìyá wa, lára ògiri inú. Ẹni tó bá tẹ̀ lé e á tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀, títí yóò fi kan ẹni tó dàgbà jù láàárín àwọn ọkùnrin. Òun ní ń sùn sẹ́nu ọ̀nà. Àdá wà lábẹ́ ẹní rẹ̀, ọ̀pá ìdábùú ilẹ̀kùn sì wà lọ́wọ́ orí rẹ̀. Nígbà tí bàbá wa kú, oúnjẹ ìsìnkú kò tíì tán nínú ìkòkò tí ẹ̀gbọ́n mi, baba yín, fi ká ẹní wọn láàárín wa, tí wọ́n sì lọ tẹ́ ẹ sẹ́nu ọ̀nà. Ẹnikẹ́ni kò sọ fún wọn. Ẹnikẹ́ni kò kí wọn kú iṣẹ́. Ìyá wa kàn wo apá ibẹ̀, wọ́n sì yí ojú sí ògiri.

Èmi ni igbákejì. Ipò tó dára jù láyé nìyẹn, ẹ gbà mí gbọ́. O dàgbà tó láti máa rán ọmọdé níṣẹ́, síbẹ̀ ẹnì kan wà níwájú rẹ.

Ẹ̀ẹ̀kan ni wọ́n fi mí sẹ́nu ọ̀nà nígbà náà. Bọ̀dá mi fẹ́ lọ bá àna wọn roko ní Ìlọrà, wọ́n sì máa sùn síbẹ̀. Wọ́n pè mí ní ìrọ̀lẹ́.

"Ìwọ lo máa sùn sẹ́nu ọ̀nà lónìí."

"Bọ̀dá, bí nǹkan bá wá dé ńkọ́?"

"Kí ni nǹkan?"

"Nǹkan ṣáà."

Wọ́n wò mí láti òkè délẹ̀. Irun àgbọ̀n ti bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lójú mi nígbà náà. Wọ́n ní, "Bí nǹkan bá dé, sọ fún un pé mo lọ sí Ìlọrà."

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀yìn ìyá mi ni wọ́n ti bá mi, mo di etí aṣọ wọn mú, ọmọ tó kéré jù ló wà lápá ìta tó ń ṣọ́ mi. Bí ẹ bá lọ sí Ìlọrà, ẹ má dárúkọ mi fún àwọn àgbà ibẹ̀. Bọ̀dá mi sọ ọ́ níbi ọ̀wẹ̀ àna mìíràn, ó sì ti di ọ̀rọ̀ àpárá láàárín wọn.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ wó, ẹ̀gbọ́n mi fi bíríkì kọ́ ilé yìí, olúkúlùkù ní yàrá, ẹní sì di bẹ́ẹ̀dì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ ipò ti tán. Àfi bí baba yín ṣe mú yàrá iwájú, èyí tó fara ti ilẹ̀kùn àbáwọlé, tí eruku títì ń wọ̀, tí oòrùn ọ̀sán sì ń lù. Èmi mú ti ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Láti ibẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ wọn láti ìgbà ọ̀dọ́kùnrin mi títí mo fi di arúgbó. Wọn á ti ilẹ̀kùn, wọn á dán an wò. Tó bá yá, wọn á wúkọ́: "Hẹ̀n-hẹ́n-ùn." Bí mo bá ti gbọ́ ikọ́ yẹn, kò sí ohun tí mo tún ń rò mọ́. Mo ti sùn.

Ní àkókò òjò tó kọjá ni Ọlọ́run pè wọ́n. Ẹ̀yin náà wà níbẹ̀, n kò ní tún un sọ. Ẹ sin baba yín dáadáa, ẹ ṣe ohun tó yẹ ọmọ, oníkálukú sì padà sẹ́nu iṣẹ́. Ilé wá ku èmi àti Ìyá Ṣadé. Láti alẹ́ ọjọ́ tí mọ́tò tó kẹ́yìn gbéra ni oorun ti gbéra pẹ̀lú rẹ̀.

N kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá ọ̀daràn. Mo kọ́kọ́ mú fóòmù, mo ní ó ti jìn kòtò. Mo gbé e kúrò, mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ bí ìgbà èwe. Egungun mi sọ fún mi pé àwọn kì í ṣe egungun ìgbà èwe. Mo mú jẹnẹrétọ̀ onígbàjámọ̀ tó wà ní òdìkejì. Ọjọ́ tí epo tán fún un, ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn tún burú jù ú lọ. Mo ń gbọ́ ọkàn mi bí ẹni ń kan ilẹ̀kùn. Mo mú sípíkà ṣọ́ọ̀ṣì tuntun tó wà lẹ́yìn wa. Wọ́n lọ sí ìpàgọ́, n kò sùn. Mo ní iṣẹ́ ni n kò ṣe tó. Mo gbé ọkọ́, mo lọ kọ ebè bí ọmọ ogún ọdún, ẹ̀yìn sì ń dùn mí débi pé bí mo bá fẹ́ yí padà lórí bẹ́ẹ̀dì, àfi kí n pe Ìyá Ṣadé. Mo sun èèpo ọsàn nínú yàrá. Àwọn ọmọ àwọn tó yá ilé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa kò rí irú rẹ̀ rí. Wọ́n gba ojú fèrèsé da omi lù mí, wọ́n ń kígbe pé, "Iná o! Bàbá wà nínú ilé o!" Mo jókòó síbẹ̀ bí ẹ̀fọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàn.

Ìyá Ṣadé ní tirẹ̀ ń sùn. Obìnrin yẹn ń sùn bí ẹni tí wọ́n gbà síṣẹ́ oorun. Mo jí i lẹ́ẹ̀kan kó lè bá mi sọ̀rọ̀. Ó ní, "Ẹ ń wá kí ni?" Mo ní oorun ni. Ó ní, "Ibi tí ẹ ti jí mi yìí, ibẹ̀ ló wà," ó sì padà síbẹ̀.

Oorun tó kọ̀ láti wá lálẹ́ wá ń bá mi ní ibi tí n kò pè é sí. Ẹ ti gbọ́ èyí tó ṣẹlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ má díbọ́n. Pásítọ̀ ní kí Bàbá wá gbàdúrà fún àwọn arìnrìn-àjò. Wọ́n fi gbohùngbohùn lé mi lọ́wọ́. Mo di ojú. Mo gbàdúrà fún awakọ̀, mo gbàdúrà fún táyà, mo gbàdúrà fún ọ̀nà Ìbàdàn. Gbogbo ìjọ ń ṣe "Àmín." Lẹ́yìn náà, wọ́n ní mo dákẹ́, wọ́n sì rò pé Ẹ̀mí ló bà lé mi. Wọ́n dúró. Ohun tó wá jáde nínú sípíkà, tó gba ojú fèrèsé dé ọjà, ìhanrun ni. Wọ́n ní ìyá àgbàlagbà kan ṣe "Àmín" sí i.

A kò tíì ṣe oore-ọ̀fẹ́ tí fóònù Ṣadé ọmọ mi fi dún ní Ìbàdàn. Kò rẹ́rìn-ín bí ẹ ṣe ń rẹ́rìn-ín yìí. Ó wá lọ́jọ́ kejì, ó gbé mi lọ sọ́dọ̀ dókítà kan ní Ọ̀yọ́, ọmọ kékeré tí mo lè bí ìyá rẹ̀.

Dókítà ní, "Bàbá, ẹ má jẹ obì lẹ́yìn ọ̀sán. Ẹ tètè jẹun alẹ́. Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ wẹ̀. Ẹ gbé fóònù yín síta yàrá, ẹ má sì gbé ìbínú wọ orí bẹ́ẹ̀dì."

Mo ní, "Dókítà, ṣé ẹ mọ ìyá mi ni?"

Ó rẹ́rìn-ín. Ó wá wò mí lójú. "Kí lẹ máa ń rò bí ẹ bá dùbúlẹ̀?"

Mo ní òjò ni mò ń rò. Ṣadé wò mí. Òun náà mọ̀ pé ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn la wà.

Inú mọ́tò ló ti sọ tirẹ̀. "Bàbá, bí oṣù yìí bá parí tí ẹ kò bá tíì sùn, mò ń bọ̀ wá kó yín. Ẹ̀yin àti Màmá."

"Ilé ńkọ́?"

"Ilé kì í sùn, kì í sì í jí, Bàbá. A máa tì í."

Ẹ rí i, àwọn àgbà ní àgbà kò sí, ìlú bàjẹ́. Baálé ilé kú, ilé dahoro. Mo ti ń gbọ́ òwe yẹn láti kékeré, n kò mọ̀ pé èmi ni wọn yóò fi í mú. Mo mọ ilé tí wọ́n tì ní àdúgbò yìí. Ẹ mọ̀ ọ́n náà. Ìgbẹ̀yìn ilé tí a bá tì ni igi ìbẹ́pẹ tó hù nínú pálọ̀.

Ohun tí n kò lè sọ fún dókítà, n ó sọ ọ́ fún yín, nítorí pé baba yín mọ̀ ọ́n, ẹ̀yin náà ẹ ó sì mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ kan. Ariwo kọ́ ló lé oorun mi. Ẹ̀rù ni. Bí mo bá dùbúlẹ̀, mo ń fetí sílẹ̀ de ikọ́ kan tí kò ní wá mọ́. Wọ́n ní àbúrò ikú ni oorun. Bí àbúrò bá ti ń ṣẹ́jú sí mi, ṣe ni mo ń wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n ń tẹ̀ lé e bọ̀. Mo ronú nípa ẹní inú ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá wa wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lọ. Ẹ̀gbọ́n mi wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n lọ. Ta ló kàn? Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó pa sí yàrá ẹ̀yìn, tí yàrá iwájú sì ṣófo láti ọjọ́ ìsìnkú. Mo ní bí n kò bá lọ sí ipò yẹn, bóyá a kò ní rí mi kà. Ọkùnrin tó ti ní ọmọ-ọmọ ń sá pamọ́ fún ikú nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná! Bí ẹ bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ rín in. Èmi náà ti rín in.

Oṣù pé. Ṣadé dé ní ìrọ̀lẹ́ Sátidé pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, bàgì ńlá òfìfo wà nínú búùtù. Aṣọ wa ló fẹ́ kó sí i. Ó ní tí a bá ti ti ṣọ́ọ̀ṣì dé lọ́la, a ń lọ. Ó jẹun díẹ̀, ó wo fóònù, ó rìn jáde, ó rìn wọlé. Mo rí i pé ojú òun náà pọ́n. Nígbà tó tó àkókò àtisùn, yàrá mi ni wọ́n fún òun àti àwọn ọmọ.

Mo ní kò burú, àga pálọ̀ tó mi.

Ìyá Ṣadé ní, "Lórí àga, pẹ̀lú ẹ̀yìn yín yẹn? Yàrá iwájú ṣófo."

"Yàrá Bọ̀dá ni."

"Wọn kò ní bèèrè owó ilé lọ́wọ́ yín. Ẹ wọlé o jàre, Bàbá Ṣadé, ẹ má jẹ́ kí àwọn ọmọ máa wò yín."

Bí mo ṣe dé yàrá iwájú nìyẹn. Ẹ má sọ pé mo ní ìgboyà. Àlejò ló lé mi débẹ̀. Mo ti ilẹ̀kùn àbáwọlé, mo dán an wò, mo tún un dán wò. Mo dùbúlẹ̀ sí etí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni tó wọ mọ́tò láìsan owó. Gbogbo ohun tó ń kọjá ní títì, bíi pé ó fẹ́ wọlé ni. Ṣùgbọ́n mo wá gbọ́ nǹkan tí n kò gbọ́ rí ní yàrá ẹ̀yìn. Mo gbọ́ ilé. Ọmọ kékeré ń sọ̀rọ̀ lójú oorun pé kí wọ́n fún òun ní bọ́ọ̀lù òun. Ìyá Ṣadé wà lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ Ṣadé ń lọ, ó ń bọ̀, ó pòṣé, iná fóònù ń tàn lábẹ́ ilẹ̀kùn. Ọmọ mi tó fẹ́ wá kó mi nítorí àìsùn, òun náà kò sùn.

Eruku yàrá náà gbá mi lọ́fun. Mo wúkọ́.

Ẹsẹ̀ dúró.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin nìyẹn?"

"Èmi ni."

"Ẹ kò tíì sùn?"

"N kò tíì sùn."

"Ó dáa, Bàbá." Ohùn rẹ̀ rí bí ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún méje. Iná fóònù kú. N kò gbọ́ ẹsẹ̀ mọ́.

Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n mi kì í sùn nígbà náà. Gbogbo ọdún tí mo fi ń sùn bí òkúta, ẹnì kan wà lójúfò tó ń wúkọ́ fún mi kí n lè mọ̀ pé òun wà níbẹ̀. Mo máa ń bú wọn pé kí wọ́n lọ gba oògùn ikọ́! Ẹ̀rù kò kúrò lára mi o. Ẹni tó bá ní ó kúrò ń parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù tó wà ní yàrá ẹ̀yìn, ẹ̀rù aláìníṣẹ́ ni. Ó jókòó tì mí, ó ń wò mí lójú. Ti yàrá iwájú níṣẹ́ tó ń ṣe. Ó ń fetí sí ọmọ, ó ń fetí sí ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá sì ṣiṣẹ́, ó ń rẹ̀ ẹ́. Èmi náà kò mọ ìgbà tí oorun gbé mi lọ.

Ṣadé kò jí títí wọ́n fi lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì àkọ́kọ́ àti ìkejì. Àwọn ọmọ ti jẹ àkàrà tán, wọ́n ti fi ọsàn gbá bọ́ọ̀lù, ó ṣì wà níbẹ̀. Nígbà tó jáde, àmì ìrọ̀rí wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, oòrùn sì ti dé àárín agboolé.

Mo ní, "Ẹ káàárọ̀ o, Dókítà. Ta ni a máa gbé lọ sí Ọ̀yọ́ báyìí?"

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹkún ló bá a lẹ́nu. Ó jókòó sí àtẹ̀gùn níbẹ̀ yẹn. "Bàbá, ẹ má bínú. Ó ti tó ìgbà díẹ̀ tí mo ti sùn gbẹ̀yìn. N kò sọ fún yín ni. Ìbàdàn yẹn, bí mo bá dùbúlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń wá sórí mi."

"O wá fẹ́ kó mi lọ síbẹ̀ kí a lè jọ máa wo àjà?"

Ìyá Ṣadé ti gbé bàgì náà síta. Ó ní, "Ṣé kí n máa di ẹrù àbí kí n máa se ọbẹ̀? Ẹ sọ ọ̀kan fún mi."

Ṣadé wo bàgì, ó wo ilé. Ó ní, "Màmá, ẹ se ọbẹ̀. Bí a bá ti ilé yìí, níbo ni èmi ó ti máa wá sùn?"

Ọsàn ló kó sínú bàgì náà lọ. Láti ìgbà yẹn, ó ń wá bí ààyè bá yọ, á jẹun, á sùn, á lọ. Èmi náà ti kó aṣọ mi sí yàrá iwájú. Fóònù mi ń sùn sí ilé ìdáná. Obì, mo ti fi í sí àárọ̀. Ẹ̀yin náà, tí ẹ bá tún wá, ẹ má lọ sanwó òtẹ́ẹ̀lì ní Ọ̀yọ́ mọ́ bí ẹ ti ṣe lọ́jọ́sí; yàrá ẹ̀yìn ti ṣófo, ó sì tutù.

Ṣé mo wá ń sùn dáadáa? Ẹ rí mi tí mo ń yán. Lóru àná, nǹkan kan fara gbo ilẹ̀kùn àbáwọlé. Ó dúró, ó tún gbo ó. Mo pariwo, "Ta nìyẹn?" Ohùn tó jáde, ẹ ó rò pé ti ọmọdébìnrin inú ẹgbẹ́ akọrin ni. Kò dáhùn. Mo gbé àdá, mo tún gbé e sílẹ̀ kó má lọ gé èmi alára, mo mú tọ́ọ̀ṣì. Mo ṣí ilẹ̀kùn.

Òbúkọ àwọn ará ilé kejì ni, ó ń fi ìwo yún ara.

Mo lé e lọ, mo ti ilẹ̀kùn, mo wúkọ́ kí Ìyá Ṣadé lè mọ̀ pé kò sí nǹkan, mo sì sùn.